Báàgì Ìbàdí Ẹ̀gbọ́n Dáre

Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yín wá sábẹ́ ìbòòji kí oòrùn má baà ba táyà wọn jẹ́. Ẹ jókòó. Ẹni tí kò bá rí àga, kó jókòó sórí pákó yẹn, ó ti gbẹ dáadáa, kò ní ba aṣọ yín jẹ́. Mo ti gbọ́ ìbéèrè yín. Ẹ rí fọ́tò tó wà lára ògiri pálọ̀ mi, ẹ rí ọkùnrin márùn-ún tó dúró ti kẹ̀kẹ́, olúkúlùkù so báàgì mọ́ ìbàdí bí ìyàwó tó gbàgbé tó pọn ọmọ rẹ̀ síwájú, ẹ wá ń rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rẹ́rìn-ín yín. Lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò yẹn, àwa náà ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ tún ní ẹ fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Abaji bí a ti máa ń ṣe láyé ọjọ́un, kí ẹgbẹ́ ìlú wa lè fi ṣe ìrántí. Mi ò ní kí ẹ má lọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ̀rọ̀ báàgì yẹn fún yín kí n má sọ bí ọ̀kan nínú àwa márùn-ún ṣe kú, àti irọ́ tí mo pa fún ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn tó kú tán. Irọ́ náà ṣì wà lọ́rùn mi títí di bí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ìyàwó náà ṣì wà láàyè. Ẹ̀yin ni mo máa kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, ẹ má sì rò pé nítorí pé mo fẹ́ràn yín ju àwọn tó kù lọ ni. Ara mi ti ń sọ nǹkan fún mi láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá, mo sì ń gbọ́ ohun tó ń sọ.

Dei-Dei yìí kò rí báyìí nígbà náà. Ọjà pákó wà, ọjà màlúù wà, lọ́rì ń wọlé, lọ́rì ń jáde, ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sunday, o lè bẹ̀rẹ̀ sáàárín títì kí o máa di okùn bàtà rẹ, ẹnikẹ́ni kò ní fọn fèrè mọ́ ọ. Gwarinpa ṣì jẹ́ igbó lójú wa. Àwa tí a ti Kogi wá, àwọn tó ti Ọ̀yọ́ wá, àwọn ará Ọ̀ṣun, a ń kọ́ ilé fún àwọn ènìyàn tí a kò mọ̀, a sì ń sùn mẹ́rin-mẹ́rin nínú yàrá kan. Mọ́tò kò pọ̀. Kẹ̀kẹ́ la fi ń lọ síbi iṣẹ́, kẹ̀kẹ́ la fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kẹ̀kẹ́ náà la sì fi ń najú. Nígbà tó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún lọ sọ́nà jíjìn nítorí ìgbádùn rẹ̀ nìkan. Àwọn ènìyàn ní orí wa kò pé.

Káfíńtà ni mí. Rájí, tó dúró ní apá òsì nínú fọ́tò yẹn, mẹkáníìkì ni, ọmọ Ọ̀yọ́, Mùsùlùmí tó mọ orin ṣọ́ọ̀ṣì ju àwa onígbàgbọ́ lọ. Àwọn méjì tó jọra wọn yẹn, ìbejì ni wọ́n, Táyé àti Kẹ́hìndé, wẹ́dà ni àwọn méjèèjì. Ẹni gíga tó dúró láàárín, tó fi ọwọ́ lé àwọn ìbejì léjìká, òun ni Ẹ̀gbọ́n Dáre. Bíríkìlà ni, ará Yàgbà bíi tèmi. Òun ló dàgbà jù nínú wa, òun sì ni olórí wa. Bí Ẹ̀gbọ́n Dáre bá ti ní kí a dúró, a ó dúró.

Ẹ̀yin so báàgì mọ́ abẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ yín, ẹ so omi mọ́ irin rẹ̀, fóònù ń júwe ọ̀nà fún yín. Ó dára. Tiwa, ara wa la so ẹrù mọ́. Rájí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n jí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbé ní Zuba nígbà tó yà mu tíì, tòun ti gbogbo irinṣẹ́ tó dì sẹ́yìn rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn délé. Ó ní olè tó bá tún fẹ́ jí sípánà òun, kó kọ́kọ́ wá jí ìbàdí òun gbé. Ó wá tapólì lọ́rì kan tó ti gbó, ó gbé e fún aránbàtà kan lẹ́yìn ọjà, ìyẹn fi òwú bàtà rán an, ó sì fi síìpù àlòkù sí i. Nígbà tí a rí i, ó wu àwa náà. Báàgì márùn-ún, tapólì kan náà, aránbàtà kan náà.

Ẹ má rò pé ó rọrùn o. Bí a bá ń wa kẹ̀kẹ́, a ó yí i sẹ́yìn kó jókòó lé wa nídìí. Bí a bá dúró, a ó yí i síwájú. Tapólì a máa gbóná, òógùn a máa ṣàn sábẹ́ rẹ̀, okùn rẹ̀ a sì máa họ ènìyàn ní ìbàdí. Òrí ni ìyàwó mi fi ń pa tèmi fún mi, á sì máa bú mi bó ti ń pa á.

A pín irinṣẹ́ sí ìbàdí ara wa. Rájí ló ń gbé sípánà àti ìdí ṣíbí méjì tí a fi ń yọ táyà. Táyé ń gbé gọ́ọ̀mù àti rọ́bà tí a fi ń lẹ túúbù. Kẹ́hìndé ń gbé túúbù tuntun. Èmi ń gbé kúlíkúlí, iyọ̀, abẹ́rẹ́ àti òwú. Ẹ̀gbọ́n Dáre ló ń gbé pọ́ńpù, pẹ̀lú irin kékeré kan tó máa ń lù ú. A mọ̀ọ́mọ̀ pín in bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá sá fi àwọn yòókù sílẹ̀, bí táyà rẹ̀ bá jò, gọ́ọ̀mù wà lẹ́yìn. Ẹni tó bá ń fà sẹ́yìn, pọ́ńpù ti lọ níwájú. Nítorí náà a kò lè jìnnà síra wa.

Lọ́jọ́ kan Táyé jí kúlíkúlí mi níbi tí a ti sinmi ní Gwagwalada, ó kó o pamọ́ sínú báàgì tirẹ̀, kò mọ̀ pé gọ́ọ̀mù ti bẹ́ síbẹ̀. A ń lọ lójú títì, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Nígbà tí a yíjú wò ó, ètè rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra, ojú rẹ̀ ń ṣomi. Rájí ní, “Kai! Ọlọ́run ti fi àmì sí olè lára.” Ẹ̀gbọ́n Dáre rẹ́rìn-ín títí ó fi sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tó di àyà mú, ó kọjú sí igbó. Àwọn yòókù rò pé ẹ̀rín ló ń pa á lọ. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín nìkan.

Mo mọ̀ nítorí mo ti bá a lẹ́yìn ògiri kan níbi iṣẹ́ rí, lọ́jọ́ tí wọ́n ń da sìmẹ́ńtì. Ó yọ ike kékeré kan nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró láì mí, kó tó wá mí. Ásímà ni. Ó ní láti kékeré ló ti ń ṣe òun. Ó wò mí, ó ní, “Ojú rẹ ti rí i. Kí ẹnu rẹ má sọ ọ́. Bí àwọn wọ̀nyí bá gbọ́, ta ló máa jẹ́ kí n ṣíwájú òun mọ́?” Mo ní kò burú. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n ta ni mí tí n ó fi òwe bá àgbà wí? Mo pa ẹnu mi mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ìró, nítorí ohun tó ń bọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin fi nǹkan dí etí yín bí ẹ ti ń wa kẹ̀kẹ́, olúkúlùkù ń gbọ́ orin tirẹ̀. Àwa, etí la fi ń mọ ara wa. Títì dákẹ́ nígbà náà. Mi ò ní láti wẹ̀yìn kí n tó mọ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Sípánà Rájí ń dún gbàràgbàrà. Ti àwọn ìbejì kì í dún rárá. Ti Ẹ̀gbọ́n Dáre, irin kékeré yẹn ń lu pọ́ńpù, kíń-ìn, kíń-ìn, kíń-ìn, ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yí. Bí mo bá ti ń gbọ́ ọ, ọkàn mi á balẹ̀ pé olórí wa wà nítòsí.

Òun ló ṣe òfin kan fún wa, òfin kan ṣoṣo. Ó ní irinṣẹ́ jẹ́ ti gbogbo wa, ó lè wà ní ìbàdí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ohun tó bá kan ara rẹ, ìbàdí rẹ ni kó wà. Má gbé e fún ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ọmọ ìyá rẹ. Ó máa ń wo àwọn ìbejì bó bá ń sọ ọ́, wọ́n á sì fi ẹ̀rín bò ó.

Ọdọọdún nígbà ọyẹ́ la máa ń lọ sí Abaji. Àwọn ará ilé wa kan ń dáko níbẹ̀, wọ́n á sì ṣe ìdúpẹ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Iṣu! Ẹ̀yin tí iṣu yín ti inú ọ̀rá wá, mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀. Wọ́n á tò ó láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé ìdí pẹpẹ, òórùn ilẹ̀ tútù á gba gbogbo ibẹ̀. Àwọn obìnrin á sun díẹ̀ lára rẹ̀ níta, wọ́n á fi epo pupa sí i, Rájí á jẹ títí yóò fi gbàgbé pé kì í ṣe ìjọ tirẹ̀ ni. Bí Iléyá bá dé, àwa náà á lọ jẹ tirẹ̀. Wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì náà, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀ níwájú ìjọ. Mi ò tíì gba àtẹ́wọ́ náà rí. Ó ń jẹ mí lọ́kàn. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, mo ní ọmọ méjì, àtẹ́wọ́ sì ń jẹ mí lọ́kàn.

Ọyẹ́ ọdún yẹn le. Nígbà tí a kọjá ní Zuba, a ò rí òkè Zuma rárá. Oòrùn yọ, ó funfun, kò ní agbára. A pàdé nílé Ẹ̀gbọ́n Dáre láàárọ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Káyọ̀dé, ló máa ń di báàgì rẹ̀ fún un. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo rí i bó ti ń ki nǹkan bọ inú rẹ̀, ó fa síìpù, ó tún ṣí i, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó kí mi bí a ti ń kíra wa ní Yàgbà, ó ní, “Okun o, ọkọ mi kékeré. Ẹ mú un bọ̀ fún mi o.” Bẹ́ẹ̀ ló máa ń pè mí nítorí pé ìlú kan náà ni èmi àti ọkọ rẹ̀. Mo ní, “Ṣé mo máa gbé e jẹ ni, Ìyá Káyọ̀dé?” A rẹ́rìn-ín, a sì gbéra.

A kọjá Gwagwalada, a kọjá Kwali. Lẹ́yìn Kwali, mo rí i pé Ẹ̀gbọ́n Dáre ń rọra wa kẹ̀kẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ó ń tì í. Obìnrin Gwari kan ń bọ̀ lọ́kánkán, ó gbé igi ìdáná lé èjìká bí wọ́n ti máa ń gbé e. Ó nawọ́ sí iwájú, ó ní, “Sànnu ku. Hayaki, hayaki.” Rájí tó gbọ́ Hausa ní èéfín ló ń sọ, pé wọ́n ti ń sun igbó níwájú. A dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Ta ni yóò tìtorí èéfín padà sẹ́yìn? Ọdọọdún ni wọ́n ń sun igbó.

Ẹ fetí sílẹ̀ o. Ibi tí mo ti ṣe é ló kàn yìí.

Mo wo Ẹ̀gbọ́n Dáre, mo rí òógùn lójú rẹ̀, mo rí báàgì tó ń fà á nídìí. Wọ́n kọ́ mi nílé pé ọmọdé kì í máa wo àgbà níran lábẹ́ ẹrù. Ẹ̀yin náà, wọ́n kọ́ yín. Mo bá a, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n bá yín gbé báàgì yẹn.”

Ó ní, “Rárá, fi í sílẹ̀.”

Mo ní, “Há à, Ẹ̀gbọ́n. Kí ni àwọn ènìyàn á rí lára wa? Pé a jẹ́ kí ẹ máa gbẹ́rù, àwa ń rìn lọ́fẹ̀ẹ́?”

Ó fi ọwọ́ di báàgì náà mú. Ó wo Rájí, ó wo àwọn ìbejì. Wọ́n ti dúró, wọ́n ń wò wá, Rájí sì ní, “Ẹ fún un, bàbá. Ẹ jẹ́ kó gba ìbùkún.” Bí ó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó di dandan kó sọ ìdí rẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó fẹ́ sọ nǹkan. Lẹ́yìn náà ló tú u, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Má jìnnà sí mi o.”

Mo ní, “Ẹ̀yìn yín gan-an ni mo wà.”

Ẹ bi mí. Ẹ bi mí pé ṣé mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni? Èmi nìkan nínú gbogbo wọn ni mo mọ̀ pé ó ní ike yẹn. Ṣùgbọ́n nínú àpò ṣòkòtò ni mo ti rí i tó yọ ọ́, nínú àpò ṣòkòtò ni ọkàn mi sì fi í sí. Òfin rẹ̀ kò sọ sí mi lọ́kàn rárá. Pọ́ńpù ni mo rò pé mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo so báàgì rẹ̀ mọ́ orí tèmi, inú mi sì dùn pé mo hùwà ọmọlúàbí.

A gun òkè náà tán pọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, títì sọ̀ kalẹ̀, ó gùn, ó tẹ́jú, atẹ́gùn ọyẹ́ sì ń ti ẹ̀yìn wá. Kẹ̀kẹ́ gbé mi. Mi ò tẹ bíréèkì. Mo ní n ó dúró dè wọ́n nísàlẹ̀. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, mo ní n ó dúró ní igi òbobò tó wà níwájú. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, àtẹ́wọ́ Abaji ti ń dún létí mi. Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tó bà mí lẹ́rù jù títí di òní nìyí: ní gbogbo ìgbà yẹn, mò ń gbọ́ kíń-ìn, kíń-ìn, kíń-ìn lẹ́yìn mi. Ọkàn mi balẹ̀. Ara mi gbà pé Ẹ̀gbọ́n Dáre ń bọ̀ lẹ́yìn, ó wà nítòsí, mi ò sì wẹ̀yìn. Báàgì rẹ̀ tó wà nídìí mi ló ń dún.

Mo kan èéfín náà. Ó ti ọwọ́ ọ̀tún wá, ó dá títì kọjá, ó rọra ń yí. Mo di imú mú, mo gba àárín rẹ̀ kọjá, ojú mi ta, mo sì jáde sódì kejì. Ibùjókòó oníbọ̀ọ̀lì kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sí. Mo jókòó, mo yí báàgì méjèèjì síwájú. Lẹ́yìn tí mo jókòó tán ni mo tó gbọ́ bí ibẹ̀ ti dákẹ́ tó.

Mo dúró títí. Èéfín náà túbọ̀ ń nípọn, mo wá ń rí iná lábẹ́ rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé wọ́n ń dúró kó rọlẹ̀ ni. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Rájí tó yọ jáde nínú rẹ̀. Òun nìkan ni. Ó ti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi di imú, kò sì sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ó ń pariwo láti òkèèrè pé, “Báàgì dà? Báàgì dà?”

Mi ò rántí bí mo ṣe gun kẹ̀kẹ́ padà. Mo rántí pé mo ń gbọ́ irin yẹn, pé ó ń dún kíákíá.

Wọ́n ti gbé e jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá kékeré kan. Táyé dì í mú lẹ́yìn, Kẹ́hìndé ń fi fìlà fẹ́ ẹ. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè, kò sí ohun tó ń wọlé. Ojú rẹ̀ là, ó rí mi. Ọwọ́ rẹ̀ wà ní ìbàdí ara rẹ̀, ó ń wá nǹkan níbi tí kò sí nǹkan, bí mo sì ti dé, kò dáwọ́ dúró, ó ń wá a síbẹ̀. Mo fa síìpù, eruku ti há a. Mo fi eyín fà á já. Mo fi ike náà sí i lẹ́nu, mo tẹ̀ ẹ́. Oògùn náà jáde, mo rí i tó ń jáde padà létí ètè rẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀wù kò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Lọ́rì ẹlẹ́dẹ̀ kan tó ń lọ sí Abaji gbé wa, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ nínú lọ́rì náà, gbogbo ọ̀nà, títí tí kò fi sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Nígbà tí a dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì gba ọwọ́ mi mú, ó ní, “Bàbá, ó tó.”

Rájí ló kọ́kọ́ sọ ọ́. A dúró lóde, ó ní, “Má sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọwọ́ rẹ ni báàgì wà. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Kò lè jí i dìde.” Àánú mi ló ń ṣe é, mo mọ̀. Òun náà ló kúkú ní kó fún mi. Nígbà tó yá Rájí padà sí Ọ̀yọ́, ibẹ̀ ló kú sí, àwọn ìbejì sì ti fi orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀ tipẹ́. Ó ku èmi.

Ní ọjọ́ kẹta ìsìnkú, Ìyá Káyọ̀dé pè mí wọ yàrá. Báàgì yẹn wà lórí itan rẹ̀, wọ́n ti kó ẹrù ọkọ rẹ̀ fún un. Ó mú ike náà, ó mì í sí etí rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Kò jáde. Ó ní, “Nígbà tó ń ṣe é, ṣé báàgì yìí wà ní ìbàdí rẹ̀?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ó dá ike náà padà sínú báàgì, kò sunkún. Ó ní, “Méjì ló wà nínú dúrọ́ọ̀. Ọ̀kan ti tán, ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Èyí tó ti tán ni mo dì fún un. Èmi ni mo pa ọkọ mi.” Mo dúró síbẹ̀. Ẹnu mi là, mo sì pa á dé. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló dì fún un, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ tán nínú lọ́rì. Mo rí i lójú ara mi tó ṣí báàgì náà wò lẹ́ẹ̀mejì.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé ìgbé ayé ẹni tó pa ọkọ rẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ìyá arúgbó tó ń gbé lọ́dọ̀ Káyọ̀dé ní Life Camp, tí ẹ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nípàdé ẹgbẹ́ pé bó bá fún ènìyàn ní páńádọ̀ọ̀lù, á ka ara páálí rẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta, á ní kí ẹlòmíràn náà bá òun kà á. Òun ni. Wọ́n ní kó fẹ́ ọkọ mìíràn, ó ní ta ló máa fi ara rẹ̀ lé òun lọ́wọ́. Lọ́dọọdún bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, á pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ohun kan náà ló sì máa ń bi mí: “Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tí kò jáde, ṣé ó bínú sí mi? Ṣé ó dárúkọ mi?” Lọ́dọọdún ni mo ń ní kò bínú. Kò sí ohun tí mo sọ tó ń tù ú nínú.

Mo ti fẹ́ sọ ọ́ fún un, ẹ má rò pé mi ò gbìyànjú. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rí, mo sì padà. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún ni irọ́ ń wúwo sí i, nítorí nígbà náà, ikú ọkọ rẹ̀ nìkan ni ǹ bá jẹ́wọ́. Nísinsìnyí, gbogbo ayé obìnrin náà ló wà níbẹ̀. Àwọn kan lára yín máa sọ pé kí n jẹ́ kó sinmi, pé ó ti darúgbó, ọkàn rẹ̀ kò lágbára. Káyọ̀dé pàápàá sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé dókítà ní kí wọ́n má fi ìròyìn burúkú bà á lójijì. Mo ti rò ó. Mo rò ó ní gbogbo òru àná, lẹ́yìn tí ẹ ránṣẹ́ pé ẹ fẹ́ wá béèrè nípa fọ́tò yìí. Bí mo bá sọ ọ́, ó lè pa á. Bí mi ò bá sọ ọ́, á kú pẹ̀lú ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀, á sì lọ bá ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú. Ẹ̀rù méjèèjì ń bà mí. Èyí kejì ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Nítorí náà, kí n tó rí yín lónìí, mo ti pè é lórí fóònù láàárọ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá a sọ, pé ojú lọ̀rọ̀ wà, n ó wá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀yin ni n ó bẹ̀ kí ẹ wá ẹni tó ní mọ́tò láàárín yín kó gbé mi lọ sí Life Camp, kó sì dúró dè mí lóde. Bó bá lé mi jáde, ó tọ́ sí mi. Ẹ má wọlé tẹ̀lé mi.

Kò bi mí pé kí lọ̀rọ̀ náà. Ó ní, “Okun o, ọkọ mi kékeré. Ó ti pẹ́ tí o ti jẹun lọ́dọ̀ mi. Kí ló wù ọ́ kí n sè dè ọ́?”